Ọjọ́ Ìbò Káńsù La Fi Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ó ti lé lógún ọdún báyìí. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ̀ pé tí àsìkò ìbò bá ti sún mọ́lé, a kì í sùn. Láti Bajùláyé títí dé Fọlá Àgòrò, ariwo ẹ̀rọ ni ẹ ó máa gbọ́, òórùn yíǹkì ni yóò máa gba imú yín, àwọn ọmọ tó ń ti bébà lórí ọmọlanke á máa ké pé kí ẹ yàgò. Pósítà, kàlẹ́ńdà, fìlà, abẹ̀bẹ̀, gbogbo ohun tí olóṣèlú bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ sí la máa ń bá a tẹ̀. Mi ò kórìíra àsìkò náà. Òun ló rán méjì nínú àwọn ọmọ mi níléèwé. Òun náà ló jẹ́ kí n rí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, torí ìbò 2027 ti ń kanlẹ̀kùn.

Iye pósítà tí wọ́n bá ní ká tẹ̀ la fi ń mọ ipò tí aráàlú kà sí. Tó bá jẹ́ ti ààrẹ tàbí ti gómìnà, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ mọ́jú. Tó bá jẹ́ ti káńsẹ́lọ̀, ẹlòmíì á ní ká bá òun tẹ igba péré. Mo bi ọ̀kan nínú wọn lọ́dún 2025 pé ṣé igba yìí á ká wọ́ọ̀dù yín. Ó ní, "Mọ́mì, ta ló fẹ́ wò ó?" Ọmọkùnrin náà kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Ó rí bí nǹkan ṣe rí ló ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọ eegun.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, CDA tí gbogbo wa mọ̀. Ìhín Mainland náà la wà, kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ àdúgbò náà nítorí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti káńsù kan ṣoṣo. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi, aláwọ̀ búlúù, etí rẹ̀ ti já. Mo ṣí i lálẹ́ àná kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ojú ewé kìíní, owó géètì àti owó ọdẹ. Ojú ewé kejì, owó gọ́tà: ₦10,000 lọ́wọ́ onílé, ₦2,000 lọ́wọ́ àyálégbé. Yanrìn, òkúta, sìmẹ́ńtì àpò mẹ́rìnlá, owó bíríkìlà, owó oúnjẹ àwọn tó kó ẹrọ̀fọ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, gílóòbù ojú títì mẹ́fà, méjì ti jó. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tíránsífọ́mà tí a fi oṣù mẹ́ta dá. Ìyá kan tó ń ta àkàrà ní ìkóríta kò rí ₦2,000 gọ́tà rẹ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá, ₦500 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, òun náà sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ níwájú mi, epo àkàrà ṣì wà lójú ìwé náà di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Ẹ wá gbé Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ẹ ṣí Àfikún Kẹrin. Gọ́tà àti iná ojú títì, ọjà, gáréèjì, ìtẹ́ òkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta, kíkó ìdọ̀tí, orúkọ àdúgbò títí dórí nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ilé, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí lọ́rùn. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera, ó lọ́wọ́ sí i pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Ìyá alákàrà yìí ti san owó ọjà fún káńsù, ó tún wá fi ₦500 ₦500 ṣe gọ́tà tó yẹ kí káńsù ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kà á dúró síbí yìí díẹ̀, kí ẹ rò ó.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi rọbí lóru. Ilé ìwòsàn ìjọba kékeré tó sún mọ́ wa la gbé e lọ. Bí a ṣe débẹ̀ ni iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wà ṣùgbọ́n kò sí epo nínú rẹ̀. Ọmọ mi sáré jáde lọ wá bẹntiróòlù. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó fi eyín há a mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ̀bí. Kí ọmọ mi tó padà dé, ọmọ tuntun ti ń ké. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àdúrà ni mo sì ń ṣe fún nọ́ọ̀sì yẹn títí dòní. Nínú òkùnkùn tí mo dúró sí yẹn ni mo ti ń ronú ẹni tí mo lè pè lórí fóònù kílẹ̀ tó mọ́, tí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yìí kàn. Mo wá rí i pé mi ò mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Èmi tí mò ń tẹ pósítà wọn! Ojú tì mí gan-an.

Ẹ jẹ́ ká rántí 2023, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé a ò lágbára láti jáde. Ọkùnrin Ìgbò kan wà tó ń ta bébà fún wa ní Ṣómólú, àdúgbò wa náà ló kọ́lé sí. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn tí náírà wọ́n bí ojú, tí a ń tò ní báńkì látàárọ̀ tí a ò rí nǹkan gbà, àwìn ló fi ń gbé ríìmù bébà fún mi, kò ní kí n fọwọ́ síwèé kankan. Ìbò ààrẹ kọjá ní ọjọ́ 25. Kí ti gómìnà tó dé ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ọ̀rọ̀ ti di ta ló ni Èkó, ta ni àjèjì. Wọ́n ń halẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn, àwọn ibùdó ìdìbò kan wà tí wọ́n ti lé olùdìbò padà nítorí ojú tàbí orúkọ rẹ̀. Èmi àti ọkùnrin yìí lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá ò kí ara wa. Ẹ̀bi tèmi pọ̀ níbẹ̀, mo sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Nínú ìwé búlúù yẹn, lójú ewé gọ́tà, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè orúkọ mi. Òun ló kọ́kọ́ san.

Pẹ̀lú gbogbo ariwo ọjọ́ yẹn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Èkó lé ní mílíọ̀nù méje, àwọn tó sì jáde dìbò gómìnà kò tó mílíọ̀nù kan àbọ̀.

Ti káńsù tún wá burú ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025 ni LASIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe é. Wọ́n ti ní kí ọkọ̀ má rìn, nítorí náà títì dá wáí. Kí n tó dé ibùdó ìdìbò wa, bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni mo yà fún. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi òkúta ṣe pápá lójú títì, àwọn bàbá wọn gbé àga síta, wọ́n ń wòran. Àwọn tí mo mọ̀ ni wọ́n, àwọn tó mọ iye ibo tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2023, tí wọ́n lè kà á fún yín láìwo ìwé. Lábẹ́ agbòjò ni àwọn òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò jókòó sí, ọ̀kan nínú wọn ti sùn lọ. Aago méjìlá ọ̀sán kù díẹ̀. Èmi ni ẹni kẹrìnlá tó dìbò níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo dúró díẹ̀ bóyá ẹlòmíì á yọ, ẹnikẹ́ni ò yọ.

Nígbà tí èsì dé, ẹgbẹ́ APC gba gbogbo ipò alága 57, wọ́n sì gba 375 nínú ipò káńsẹ́lọ̀ 376. Ọ̀kan tó ṣẹ́ kù, ní Yàbá tó múlé tì wá níbí, PDP ló mú un. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ló sọ fún mi pé ìdí tí àwọn ò fi jáde nìyẹn, pé wọ́n ti pín in kí ó tó di ọjọ́ ìbò. Mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé, nígbà tí ẹgbẹ́ ń yan ẹni tí yóò díje ní wọ́ọ̀dù wa, èwo nínú wọn ló wà níbẹ̀? Èwo ló mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é? Bí ẹni mẹ́rìnlá bá lọ bá káńsẹ́lọ̀ pé àwọn ló dìbò fún un, kí ló máa bà á lẹ́rù nínú ìyẹn?

Ẹ tún wo bí àsìkò ṣe bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́, kó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Ọdún kan àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn gan-an ni ìbò tí a fi gbá bọ́ọ̀lù yìí wáyé. Ìjà tí àwọn àgbà òṣèlú ti ń jà láti ọdún pípẹ́ ni ilé ẹjọ́ bá wa dá, a ò tilẹ̀ dìde lórí àga.

Ti Èkó tún lọ́ pọ̀ ju ti ibòmíì lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ ogún ni Òfin Ìpìlẹ̀ mọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Láti ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá 37 mìíràn kún un, èyí tí a ń pè ní LCDA, tí gbogbo rẹ̀ fi di 57. Orí ogún yẹn ni owó Àbújá máa ń wá, 57 ló sì ń retí rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni òfin fún lágbára láti là á sílẹ̀ bí káńsù ṣe máa rí àti bí wọ́n ṣe máa náwó. Ogójì ni wọ́n níbẹ̀. Àwọn tó ń fẹ́ ipò ogójì yìí ló máa tó dé ojúlé wa báyìí fún ti 2027, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ààrẹ àti gómìnà fún wa. Ẹ dá wọn lẹ́kun. Ẹ bi wọ́n ní ti káńsù: ṣé wọ́n á ṣòfin tí yóò mú kí alága káńsù ka ìnáwó rẹ̀ sétí aráàlú ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, àbí wọn ò ní ṣe é?

Ẹlòmíì á ní ìrẹsì ni wọ́n máa gbé wá. Wọ́n á gbé e wá, a mọ̀. "Dìbò kóo sebẹ̀" ti wọ ìlú. Mi ò ní bá ẹni tí ebi ń pa jà lórí ìrẹsì, ẹni tó bá ti ṣe oṣù kan rí láìrí owó ọjà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Oúnjẹ ọjọ́ méjì ni ìrẹsì yẹn. Ìyá alákàrà fi ẹ̀ẹ̀mẹrin san owó gọ́tà.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin náà. Ojoojúmọ́ ni ìwé ìròyìn ń kọ ohun tí gómìnà kan sọ sí gómìnà kejì. Ẹ yọ̀ǹda igun kan fún wa, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ máa kọ iye tó wọlé fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Èkó láti Àbújá. Kì í ṣe àṣírí, ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé e jáde, àwa tá a wà nídìí àkàrà àti nídìí ẹ̀rọ ni a ò mọ ibi tí a ti máa wá a. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó já geere. Èmi á gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara géètì àdúgbò wa, ibi tí pósítà máa ń wà.

Ní tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ti kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, orúkọ rẹ̀ ti wà lórí mi báyìí, a sì kọ sí àwọn mẹ́ta tó ti ń lẹ pósítà kiri pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin làwọn ń lọ. A ní kí wọ́n wá jókòó tì wá fún wákàtí kan, kí wọ́n má gbé nǹkan kan dání. Ọkùnrin tó ń ta bébà ló bá wa pín àwọn lẹ́tà náà kiri nílé nílé. Ẹnì kan ti fèsì pé òun á wá. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù ni ìpàdé wa, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alága. Màá ti ṣí ìwé búlúù sórí tábìlì, lójú ewé gọ́tà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akápò àdúgbò kan, Ṣómólú, Èkó.