Ẹ̀sùn Lórí Fáìlì Mi: Ọjọ́ 30 Tó Di Oṣù Mẹ́ta Ààbọ̀

Surrey, British Columbia,
6 Oṣù Karùn-ún, 2024.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìbéèrè Ìwé àti Ìpamọ́ Àṣírí.

Alàgbà,

Mo kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkí ti fẹ́ẹ̀ tán lẹ́nu mi. Nọ́ńbà ìbéèrè mi wà lókè ímeèlì tí lẹ́tà yìí bá wá, gbogbo ìwé tó kàn án sì wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà n kò ní tún ìtàn pa. Ìpinnu tí ẹ ṣe lórí ọ̀rọ̀ mi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá kọ́ ló bí mi nínú báyìí. Bí ẹ ṣe ń fi mí gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ tí mo ti ní kí ẹ fún mi ní ohun tí ẹ kọ nípa mi ni.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kìíní, ni ìbéèrè mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ara mi nìkan ni mo béèrè. Ẹ ní kí n san $10 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2021 ni wọ́n fi owó yìí kún FIPPA, òfin British Columbia lórí gbígba ìwé lọ́wọ́ ìjọba àti pípa àṣírí ẹni mọ́, ìwé ìjọba lásán ni wọ́n sì ń gbà á lé. Abala 75 kò gbà kí ẹ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ yín ní kọ̀ǹpútà òun kò ní jẹ́ kí òun tẹ̀ síwájú. Mo san án ní ọjọ́ 17, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò fara mọ́ ọn. Ni ẹ bá tún ní ọjọ́ tí mo sanwó ni ọjọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Ọjọ́ 30 ni abala 7 fún yín, a kì í ka Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Bí a bá kà á láti 9 oṣù Kìíní, tí mo sì yọ Family Day tó bọ́ sí 19 oṣù Kejì kúrò fún yín, 20 oṣù Kejì ló pé. Bí a bá gba ìṣirò tiyín, 29 oṣù Kejì ló pé. Lẹ́tà tí ẹ fi ní ẹ fi ọjọ́ 30 mìíràn kún un, 5 oṣù Kẹta ló dé. Ọjọ́ tó ti pé tán lẹ ń sún síwájú! Abala 10 gbà kí ẹ fi ọjọ́ kún ọjọ́, bóyá nítorí pé ìwé pọ̀ débi tí iṣẹ́ yín fi lè dàrú, tàbí pé ẹ ní láti kàn sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ tó pé ni, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbéèrè mọ̀ pé òun lè fẹjọ́ sun Kọmíṣánà tó ń bójú tó òfin yìí. Lẹ́tà yín kò sọ ìdí kankan. Ẹ kò tilẹ̀ dárúkọ Kọmíṣánà. Bóyá tàdáwà ló tán. Bí a bá kà á láti 20 oṣù Kejì, ọjọ́ àfikún náà parí ní 4 oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí mo ti yọ Good Friday àti Easter Monday. Ọjọ́ 22 oṣù náà ni ìwé tó yọjú.

Láàárín gbogbo èyí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ fún mi pé “ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀.” Jímọ̀ wo nínú àwọn Jímọ̀? Ní 14 oṣù Kẹta, mo bi ọmọbìnrin tó gbé fóònù léèrè ìdí tí ẹ fi fi ọjọ́ kún un. Ó bi mí bóyá èmi nìkan ni wọ́n gba òun síṣẹ́ fún. Ó ní ẹni tó bá mọ òfin tó bẹ́ẹ̀ kó lọ gba lọ́yà. Ó sì pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Abala 6 ní kí ẹ sa gbogbo ipá yín láti ran oníbéèrè lọ́wọ́, kí ẹ dá a lóhùn láìjáfara, láìfi nǹkan pamọ́. Mo tún un kà bóyá mo máa rí ibi tí pípa fóònù wà nínú ìrànlọ́wọ́ náà. N kò rí i.

(Ní Nàìjíríà tí mo ti wá, ọjọ́ 7 ni òfin òmìnira ìròyìn 2011 fún ilé-iṣẹ́ ìjọba láti dáhùn irú ìbéèrè yìí. Ẹni tó bá rí ìwé gbà ní ọjọ́ 7 lóòótọ́ kó fọn fèrè kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ohùn inú fóònù ti ń sọ pé àṣírí oníbàárà jẹ wọ́n lógún.)

Lẹ́yìn náà ni owó $390 dé. Ẹ ní ẹ fi wákàtí 16 ṣiṣẹ́, ẹ yọ wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sọ 13 tó kù di $30 $30. Ìwé yín fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí 9 nínú rẹ̀ lẹ fi ń fi dúdú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni sanwó iṣẹ́ ìbonimọ́lẹ̀ yẹn, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí mo kọ èyí sí yín, ẹ dákẹ́ lórí owó náà títí di òní. Ṣé ẹ ti fagi lé e ni, àbí ẹ fi ń dúró dè mí?

Ojú-ewé 212 ni ẹ fi ránṣẹ́. 118 dúdú látòkè délẹ̀. Ní ojú-ewé 37, orúkọ mi lẹ bò, ẹ kọ “abala 22” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àṣírí ẹlòmíràn ni abala 22 ń dáàbò bò. Ṣé èmi lẹ ń dáàbò bò lọ́wọ́ èmi? Ẹ bo ipò òṣìṣẹ́ yín àti iṣẹ́ tó ṣe lórí fáìlì mi pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ abala yẹn kan náà sọ pé ipò àti iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ṣe àṣírí. Abala 13 lẹ fi bo ìyókù, ẹ ní ìmọ̀ràn ni. Ọjọ́ tí mo pè yín àti iye ìgbà tí mo pè, ìmọ̀ràn wo ló wà nínú ìyẹn? Abala 13 kò jẹ́ kí ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an pa mọ́ sábẹ́ ìmọ̀ràn, abala 4 sì ní kí ẹ gé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gé, kí ẹ fún mi ní ìyókù. Ẹ kì í gé, ẹ ń da dúdú lé gbogbo rẹ̀ ni.

Wíwá tí ẹ wá ìwé náà kò pé. Orúkọ mi nìkan lẹ tẹ̀ sínú àpótí ímeèlì, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà fáìlì àti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ mi ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ń lò láàárín ara wọn. Ó hàn nínú ìwọ̀nba tí ẹ fi sílẹ̀. Ojú-ewé 41 ń tọ́ka sí ìwé méjì tí wọ́n so mọ́ ímeèlì, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ síra wọn lórí Teams, ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ibi iṣẹ́, ńkọ́? Ìyẹn náà jẹ́ àkọsílẹ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Ojú-ewé 160 sí 163 kì í ṣe tèmi. Lẹ́tà dókítà ẹlòmíràn ni, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Dúdú wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kàn gbé e lé ọ̀rọ̀ lórí ni, ẹ kò yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú PDF: ẹni tó bá fi asin kọ̀ǹpútà fa ọ̀rọ̀ náà, tó dà á síbòmíràn, á rí i kedere. Bí mo ṣe rí orúkọ tí kì í ṣe tèmi ni mo dáwọ́ dúró. Mo pè yín ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n pa á rẹ́, kí a má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Láti 1 oṣù Kejì 2023 ni abala 36.3 ti ní kí ẹ sọ fún ẹni náà àti fún Kọmíṣánà láìfi falẹ̀, bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá lè ṣe ẹni náà ní jàǹbá ńlá. Ta ló ti sọ fún un?

Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni mo fún yín, ó parí ní 21 oṣù Karùn-ún. Ẹ dá $10 mi padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti fagi lé $390 náà. Ẹ tún ìwé náà ṣe, kí ìdí wà fún ìlà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bò, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ wá dé. Ẹ fún mi ní orúkọ òṣìṣẹ́ kan tó lè dáhùn ìbéèrè mi, gẹ́gẹ́ bí abala 8 ti wí. Ẹ sọ fún onílẹ́tà dókítà, kí ẹ sì kọ̀wé sọ fún mi bí n ó ṣe ṣe ìwé rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 4 oṣù Kẹfà ni àyè tí mo ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ Kọmíṣánà yóò parí, mi ò ní jẹ́ kó tó ọjọ́ náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ímeèlì kankan lórí ọ̀rọ̀ mi. Abala 31 ní kí ẹ tọ́jú ohun tí ẹ fi ṣe ìpinnu fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹ kò ní gbàgbé ohun tí Elizabeth Denham, tó jẹ́ Kọmíṣánà nígbà náà, kọ ní oṣù Kẹwàá 2015 nípa àwọn tó ń pa ímeèlì rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta: nínú àpótí, nínú ààtàn, àti níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń tọ́jú ohun tó ṣeé gbà padà. Nísinsìnyí, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ìwé rẹ́ kí oníbéèrè má baà rí i lè san tó $50,000.

Ẹ má pè mí lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́.

Èmi tí mo ni fáìlì náà.