Lẹ́tà sí Àlàbí: Ilé Tí Floris Kọ́

Amsterdam,
Ọjọ́ Àìkú.

Àlàbí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ti ń rọ̀ n'Ìbàdàn. Ti ibí yìí, a ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, a ò sì mọ ìgbà tí yóò dá.

Ìwọ lo máa ń sọ pé orí òkè ni ẹni tógun ń lé ń sá sí. Ó dáa, wá wo ilẹ̀ tí kò lókè rárá. Lánàá, èmi àti àbíkẹ́yìn mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Muiden, níbi tí odò Vecht ti ń ṣàn jáde. Ilé olódi kan wà níbẹ̀, Muiderslot lorúkọ rẹ̀. Yàrà ni wọ́n wà yí i ká, irú èyí tí àwọn baba wa ń wà yílùú ká, àmọ́ omi kún inú tiwọn bámúbámú. Òkúta kò sí lágbègbè náà, bíríkì ni wọ́n fi mọ ògiri tó nípọn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Mo nawọ́ gba ojú fèrèsé kan, ọwọ́ mi kò dé ìta.

Floris Karùn-ún, olórí ilẹ̀ Holland, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1285. Owó ibodè ló ń wá: ẹnu odò yẹn lọkọ̀ àwọn oníṣòwò ìlú Utrecht ń gbà kọjá.

Àwọn mẹ̀kúnnù fẹ́ràn rẹ̀. "Ọlọ́run àwọn àgbẹ̀" ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn ìjòyè kò rí i sójú. Lọ́dún 1296 ó tún fi ọba Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, ó lọ bá ọba Faransé mulẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, mẹ́ta nínú àwọn ìjòyè náà, Gijsbrecht van Amstel, Herman van Woerden àti Gerard van Velsen, bá a jáde lọ fi àṣá dẹ̀gbẹ́, ni wọ́n bá mú un. Níbo lo rò pé wọ́n gbé e lọ? Muiderslot náà ni! Gbogbo bíríkì tó ní kí wọ́n tò nítorí ọ̀tá ni ọ̀tá fi sé e mọ́.

Àbíkẹ́yìn mi ní, "Dádì, kí ló dé tí kò ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí wọ́n ti ń gbé e kúrò níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ya jáde láti gbà á sílẹ̀. Jìnnìjìnnì bo àwọn ìjòyè, wọ́n gún un pa. Ibẹ̀ ló dùn mí jù, pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló wá gbà á, wíwá wọn ló sì mú ikú yá.

Wọ́n wó ilé tiẹ̀ kò pẹ́ sígbà náà. Albrecht ti Bavaria, tó wá jẹ́ olórí ilẹ̀ Holland lẹ́yìn náà, ló tún un kọ́ síbi kan náà, ní nǹkan bí 1370 sí 1386, òun la lọ wò. Ní 1825 ìjọba fẹ́ tà á fún àwọn tí yóò wó o. Ọba Willem Kìíní ni kò gbà.

Owó ibodè ṣì wà níbẹ̀ o! Wọn ò jẹ́ kí n wọlé àfìgbà tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí físà rẹ bá bọ́ sí i, èmi ni n ó san tìrẹ.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní