Lẹ́tà sí Bàámi: Ẹ̀bẹ̀ Kọ́, Ẹjọ́ Ni

Bàámi,

Mo kí yín o, mo kí Màámi, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ kú ọyẹ́. Ara wa le níbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi òtútù tó ń fojú wa rí màbo.

Ẹ ti sọ fún mi pé wàsáàpù kì í ṣe lẹ́tà, pé bí mo bá ní ọ̀rọ̀ gidi, kí n jókòó kí n kọ ọ́. Ó dáa, mo ti jókòó. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ìwé owó ìtanràn ibi tí mo páàkì sí, tí Màámi béèrè lórí fóònù ni, èyí tí mo ní "ó ti parí, Mà" tí mo sì yára pa fóònù. Ó parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bá mi parí rẹ̀, ẹ ò sì mọ̀.

Ẹ rántí bí àwa ṣe ń lọ sílé ìwé nígbà yẹn: a ó kó ara wa jọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé kejì, a ó fẹsẹ̀ rìn, òkè Olósùnta á máa wò wá, kò sí òbí kankan tó ń tẹ̀ lé wa. Níbí, ìyá tàbí bàbá ló ń fa ọmọ ọdún márùn-ún lé olùkọ́ lọ́wọ́. Láàárín aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, mọ́tò á ti kún àdúgbò náà bí ọjọ́ ọjà. Wọ́n wá fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà kọ́lọkọ̀lọ sójú títì níwájú géètì. Ẹni tó bá dúró sórí ìlà yẹn lásìkò iléèwé, ì báà ṣe kí ọmọ kàn sọ̀ kalẹ̀, ó ti jẹbi. Níbòmíràn kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ọ, ìwé á kàn bá onítọ̀hún nílé. Ní ìlú tí kì í bá ṣe Lọ́ńdọ̀nù, pọ́n-ùn 70 ni. Èmi kì í sún mọ́ ibẹ̀, mi ò sì bínú sí òfin yẹn, torí ta ni yóò rí ọmọ kékeré tó bá yọ láàárín mọ́tò méjì?

Òpópónà ẹ̀yìn iléèwé ni mo máa ń páàkì sí. Pátákó ibẹ̀ sọ pé ogún ìṣẹ́jú ni, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti gbé olùkọ́ tí Tolú mọ̀ lọ sí kíláàsì mìíràn. Ọmọ yín di aṣọ mi mú, ó figbe bọnu, ó ní òun ò wọlé. Nígbà tí mo fi máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sáré dé ìdí mọ́tò, wọ́dà, òṣìṣẹ́ kánsù (ìjọba ìbílẹ̀ ibí) tó ń ṣọ́ ibi ìpáàkì, ti lẹ tíkẹ́ẹ̀tì inú ọ̀rá yẹ́lò mọ́ gíláàsì iwájú. Mo sáré tẹ̀ lé e, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà." Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ti jáde, òun ò lè fagi lé e mọ́.

Pọ́n-ùn 50 ni owó ìtanràn. Bí a bá san án láàárín ọjọ́ 14, ó di 25. Bàbá Tolú ní kí n san án kí n sinmi. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé pè láti Adó, ó ní ṣé kò sí ọmọ Èkìtì kankan ní kánsù náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Ìjerò ní kí n sọ pé mọ́tò kú síbẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ọmọ ilẹ̀ uyì kì í parọ́. (Bàámi, ẹ̀rù ló bà mí ju uyì lọ. Bí wọ́n bá ní kí n mú ìwé mẹkáníìkì wá ńkọ́?)

Mo bá kọ lẹ́tà sí kánsù. Ojú yóò tì yín bí ẹ bá kà á. Ojú ìwé kan gbáko, ẹ̀bẹ̀ ni látòkè délẹ̀: ẹ dákun, àlejò ni mí, ọmọ mi ń sunkún, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n fèsì. Wọ́n bá mi kẹ́dùn nípa ọmọ, ṣùgbọ́n ìdí tí mo sọ kò tó; kí n ṣì san pọ́n-ùn 25 láàárín ọjọ́ 14 mìíràn. Ta ni wọn ò ní dá lẹ́bi? Mo ti fẹnu ara mi jẹ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí.

Mo gbà láti san án. Mo mú káàdì báńkì dání, mo ṣí fóònù, ni wọ́n bá ní kí n tẹ nọ́ńbà ara tíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn ni mo tó mú ìwé náà jáde kà dáadáa, ìgbà àkọ́kọ́! Ohùn yín ni mo gbọ́ létí, Bàámi, bí ẹ ṣe máa ń fi pàṣán gbá orí tábìlì: "Ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kó o tó fi gègé kan ìwé." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́dà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kọ́kọ́ rí mọ́tò mi ní aago 8:36, òun sì já tíkẹ́ẹ̀tì ní 8:59. Ìṣẹ́jú 23. Mẹ́ta ni mo fi kọjá.

Mo bá ń wá òfin kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì dòru. Láti ọdún 2015, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àkókò ẹni tó páàkì síbi tí kánsù fàyè gbà bá pé, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i kí wọ́n tó lè bu owó lé e, ì báà jẹ́ ibi ọ̀fẹ́. Mẹ́wàá, Bàámi! Gbogbo omijé tí mo da sínú lẹ́tà yẹn, ìdáhùn ti wà lára tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo dá káàdì padà sápò, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láàárín èmi àti Bàbá Tolú, torí bí mo bá jẹ́ kí ọjọ́ 14 yẹn kọjá, 25 ti lọ nìyẹn, ó di 50, bí a bá sì fi ṣeré, ó lè di 75. Ẹjọ́ gan-an kò sì ṣeé bẹ̀rẹ̀ títí ìwé kejì fi dé, èyí tí wọ́n ń kọ sí ẹni tó ni mọ́tò. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ìwé mọ́tò! Ẹni tó ní ká san án ló wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé a ò ní san án. Ó fajú ro, ó fọwọ́ sí i.

Bí ẹ ṣe kọ lẹ́tà gíràtúítì yín ni mo ṣe kọ ọ́. Mo rántí pé ẹ ò bẹ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ wọṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì, iye tó kù, ó tán. Gbólóhùn mẹ́rin ni tèmi. Aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ogún ìṣẹ́jú tó wà lára pátákó, mẹ́wàá tí òfin fi kún un, ẹ fagi lé e. Mo fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì àti ti pátákó há a. Tolú kò sí níbẹ̀, ẹkún rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo sì ti múra sílẹ̀ pé bí wọ́n bá tún kọ̀, màá gbé e lọ síwájú adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kánsù. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ níbẹ̀, ilé ẹni lèèyàn ti lè ro ẹjọ́ rẹ̀.

Kò débẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé: wọ́n ti fagi lé e. Wọn ò tọrọ àforíjì o, ìlà méjì péré.

Mo ti fi pọ́n-ùn 25 tí n bá san fún wọn ránṣẹ́ sí Màámi. Kí wọ́n ra iṣu tó dáa, kí wọ́n gúnyán, kí wọ́n má sì jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gún un. Tolú ti gba olùkọ́ tuntun. Báyìí, ó ń já ọwọ́ mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì, kì í tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: ọ̀rẹ́ mi ará Ìjerò ti gba tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà. Orí ìlà kọ́lọkọ̀lọ ló dúró sí. Mo ní kó lọ san án.