Lẹ́tà sí bàbá tí ẹ̀jẹ̀ wọn kàn mí lọ́wọ́

Bàbá,

N kò mọ orúkọ yín, ẹ̀yin náà kò sì mọ tèmi. Èmi ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ yín yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹ fi iwájú orí gbá etí òkúta. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo ká a, mo sì fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà. Ọgbẹ́ orí a máa ṣẹ̀jẹ̀ ju bí ó ti tóbi lọ, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lábẹ́ awọ ibẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí aṣọ náà fi rin gbingbin, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín ìka mi ṣàn dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ó dá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ sì na ọwọ́ sí mi kí n fà yín dìde. Mo fà sẹ́yìn. Mo ní kí ẹlòmíràn ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wò mí lójú, ẹ rọra fa ọwọ́ yín padà, ẹ kò sì sọ nǹkan kan.

Ohun tí ó sọ sí mi lọ́kàn ní ìṣẹ́jú yẹn kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ: HIV. Bébà ti ya mí ní àtàǹpàkò ní ọjọ́ méjì ṣáájú, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọgbẹ́ tín-ín-rín náà bí ẹni tí ó rin ìrìn jìnnà kí ó tó rántí pé òun kò ti ilẹ̀kùn ilé. Mo délé, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo tún un fọ̀, mo fi kànìnkànìn ha á, mo da ọtí apakòkòrò lé e, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí ẹ̀yìn ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tí ó ń ta mí. Àwọn àgbà ní ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ní tèmi, n kò tilẹ̀ rí ejò kankan, okùn lásán ni mo ń sá fún.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó dá mi lóhùn kò béèrè irú ènìyàn tí ẹ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ti múra láti sọ gan-an nìyẹn (ojú ń tì mí láti kọ ọ́: mo ti ń ro bí ẹ ṣe rù tó). Ó béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ta sí mi lójú tàbí lẹ́nu, bóyá ohun mímú kan gún mi, àti bóyá ojú ọgbẹ́ àtàǹpàkò mi ṣì là. Ó wò ó. Ó ti di èépá gbígbẹ. Ó wá ṣàlàyé pé awọ tí kò bó, tí kò sán, tí kò sì là, kò fún kòkòrò HIV ní ọ̀nà àtiwọlé, bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ní i bá tilẹ̀ dà sórí rẹ̀. Àní bí abẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní i wà lára rẹ̀ bá gún òṣìṣẹ́ ìlera, nǹkan bí 3 nínú 1,000 irú wọn ni ó ń kó o. Bí ó bá jẹ́ ojú tàbí ẹnu ni ẹ̀jẹ̀ náà ta sí, kò ju nǹkan bí 1 nínú 1,000 lọ. Oògùn ìdènà sì wà fún àwọn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, tí wọn yóò sì lò fún ọjọ́ 28. Ó ní èmi kò nílò rẹ̀. Ó wá tọ́ka sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi tí mo ti ha bó, ó ní asà tí ó gbà mí sílẹ̀ ni mo fi gbogbo alẹ́ fà ya, pé ọṣẹ àti omi ti tó.

Èyí tí ó ká a lára ni àrùn tí n kò ronú kàn rárá: hẹpatáítìsì B, ọ̀kan nínú àwọn àrùn mẹ́dọ̀wú. Kòkòrò rẹ̀ le ju ti HIV lọ púpọ̀. Ó lè wà láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ, bí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sì gún ẹni tí kò gba àjẹsára, ewu tirẹ̀ lè tó 6 sí 30 nínú 100. Láti 1982 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà. N kò gbà á rí. Mo gba àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì gba ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí ó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò, mo ní kí ó bá mi wò ó bóyá mo ti kó nǹkan lára yín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àyẹ̀wò òní kò lè mọ ọ̀rọ̀ àná, pé àyẹ̀wò HIV tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi máa ń tó ọjọ́ 18 sí 45 kí ó tó rí kòkòrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìtàn tèmi ni ẹ̀jẹ̀ yìí yóò sọ. Ó wá béèrè ìgbà tí mo ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. N kò ṣe é rí.

Bàbá, ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ. Nínú àwa méjèèjì, ọgbẹ́ yín ni ó là sílẹ̀ gbàgà, èmi ni mo sì fi ọwọ́ àìfọ̀ àti aṣọ tí mo ti fi làágùn tẹ̀ ẹ́, tí àtàǹpàkò mi tí bébà ya wà lórí rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni, títí kan èmi fúnra mi, mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ kò bi mí léèrè. Ọpẹ́ ni ẹ ń dú. Fún ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń retí èsì, ẹ̀yin ni ẹ̀rù ń bà mí fún, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Èsì dé: kò sí HIV, kò sí hẹpatáítìsì B, kò sí C. Ẹ lè fọkàn balẹ̀ ní tèmi.

Ìbọ̀wọ́ onírọ́bà wà nínú àpò mi báyìí, nítorí ẹni tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ àti nítorí èmi náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọwọ́ tí ẹ nà sí mi lọ́jọ́ náà ṣì ń wá sí mi lọ́kàn. Mo ti rò ó títí, ó sì dá mi lójú pé kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára rẹ̀. Ọwọ́ tèmi ni ẹ̀jẹ̀ wà.