Ilé tó kọjú sí òkun: ẹ bá wa ya ìsàlẹ̀ báńkónì náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn tó ń kọ́ ilé tó kọjú sí òkun ní àwọn orílẹ̀-èdè olóoru, mo sì gbádùn àwọn àwòrán ibẹ̀. Gíláàsì láti ilẹ̀ dé àjà, omi aláwọ̀ aró tó tẹ́ lọ bí ẹní, ta ni kò ní wù? Àmọ́ mo ka ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀, mi ò rí ibi tí ẹ ti dárúkọ iyọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó sì ń jẹ ilé wa nìyẹn.

Ọdún mẹ́jọ rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti kó sínú tiwa. Lọ́dún kẹta, mo rí ìlà tín-ín-rín kan lára òpó báńkónì, ó pupa rúsúrúsú. Mo rò pé ọmọ ló fi nǹkan fà á síbẹ̀. Mo nù ún, ó lọ. Lẹ́yìn òjò méjì, ó tún yọjú síbẹ̀ gan-an. Kí ọdún tó yí po, ojú ibẹ̀ ti sán débi tí èékánná ń wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, kọ́ńkéré tó tó àtẹ́lẹwọ́ já bọ́ lóru, a rò pé olè ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò náà. Irin inú rẹ̀ ti ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo igi gbígbẹ. Mo fi rúlà wọn kọ́ńkéré tó bò ó: kò pé íǹṣì kan.

Mo pe bíríkìlà tó bá wa ṣe é. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn kò lè gba ojú ọ̀nà wa lásìkò òjò, ìyẹn lòun fi ní kí wọ́n bu ti etí omi. "Ṣé iyanrìn kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ni, ọ̀gá?" Ẹnu mi wọhò. Èmi náà ò kúkú ní àwíjàre: lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń da òpó yẹn, ọ̀dọ̀ ayàwòrán-ilé ni mo wà, tí mò ń bá a fa ọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ gíláàsì.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Kọ́ńkéré tó dáa kì í jẹ́ kí irin inú rẹ̀ dógùn-ún. Iyọ̀ ló ń ba ààbò yẹn jẹ́, ìbáà jẹ́ inú iyanrìn ló bá wọlé, ìbáà jẹ́ atẹ́gùn òkun ló fẹ́ ẹ wá, tó wá ń rá pálá wọlé díẹ̀díẹ̀. Tí irin bá ti dípẹtà, ìpẹtà náà ń gbà ju àyè tí irin fúnra rẹ̀ gbà lọ, yóò sì fi tipátipá ya kọ́ńkéré látinú. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi omi òkun po sìmẹ́ńtì tí irin máa wà nínú rẹ̀, tí iyanrìn etíkun tí a kò fi omi aláìníyọ̀ ṣàn dáadáa fi jẹ́ ewu, tó sì fi yẹ kí kọ́ńkéré tó bo irin nípọn tó mìlímítà 50, ó kéré tán, níbi tí atẹ́gùn òkun bá ń dé. Àwọn irin ìta ńkọ́, ìdè ilẹ̀kùn, ìṣó, irin báńkónì? Stáínlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í tètè dípẹtà, ní oríṣiríṣi: èyí tí wọ́n ń pè ní 304 máa ń yọ àbàwọ́n pupa létí òkun. 316 ni kí ẹ bèèrè, nítorí mọ́líbídẹ́nọ̀mù, irú irin mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn, ló ń bá iyọ̀ fà á. Ó wọ́n, mo mọ̀. Tiwa tí a rà lówó pọ́ọ́kú, a ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Gíláàsì yẹn náà. Ní ilẹ̀ olóoru, oòrùn ọ̀sán gangan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lókè orí, òrùlé lè gba ìyẹn sára. Ti ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà: ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà láti ojú omi. Bí òkun yín bá wà lápá ìwọ̀-oòrùn, wákàtí tí ẹ tìtorí rẹ̀ kọ́lé gan-an lẹ máa fa kọ́tìnnì. Àwa ń fà á lójoojúmọ́. Geoffrey Bawa, ayàwòrán-ilé ọmọ Sri Lanka tó kú ní 2003, òrùlé fẹ̀ǹfẹ̀ tó yọ síta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ká ní mo ti mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà ni.

Ṣé kéèyàn má wo òkun mọ́ ni? Rárá o. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ gun òkè díẹ̀. Ẹni tó wà létí omi, tí ojú rẹ̀ fi mítà 2 ga ju omi lọ, kò lè rí ju nǹkan bíi kìlómítà 5 lọ kí omi tó kan ọ̀run. Ẹni tó fi mítà 50 ga ń rí tó kìlómítà 25. Iyọ̀ ibẹ̀ dín kù, ìgbì kò sì ní yà kí i. Òfin gan-an lè máà gbà yín láyè létí omi. Ní Costa Rica, mítà 50 àkọ́kọ́ láti ibi tí omi ń kún dé jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Mítà 150 tó tẹ̀ lé e, ìyọ̀ǹda lílò lèèyàn ń gbà lọ́wọ́ ìjọba. Ní Mẹ́síkò, àjèjì tó bá fẹ́ ilé gbígbé láàárín kìlómítà 50 sí etíkun, ọwọ́ báńkì ló máa gbà, orúkọ báńkì ló sì máa wà lórí ìwé ilẹ̀. Ẹ ò mẹ́nu ba ìyẹn náà, ṣùgbọ́n mi ò bá yín jà lórí rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ bi onílé léèrè ọdún tó kọ́ ọ, kí ẹ sì ní kí ayafọ́tò yín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó ya ìsàlẹ̀ báńkónì náà. Bó bá wù yín, ẹ wá ya tiwa. Òpó mẹ́ta ni wọ́n ti tún ṣe, ó ku méjì. Èmi fúnra mi ni mò ń fi òòlù kàn wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ọ̀kan ṣì ń dún ko, ko, èkejì ti ń dún gbọ̀, gbọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílé etíkun