Má bi wọ́n pé ṣé ó dára

Ọjà Atákúnmọ́sà,
Iléṣà.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí líǹkì ìsọ̀ aṣọ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ tí o fi ránṣẹ́, mo sì rí ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi han àwọn oníbàárà yín kí wọ́n sọ bóyá ó dára." Mo ti fi hàn wọ́n lórí WhatsApp. Gbogbo wọn ló ní ó dára. Ìyá Ìbejì ní ó dára gan-an, ó tún fi àdúrà lé e. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ra ẹyọ yáàdì kan.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí o máa ń yára dá mi lóhùn pé "mo ti gbọ́, mà."

Ìbéèrè rẹ ló ní àbùkù, kì í ṣe àwọn èèyàn yẹn. Ta ni yóò wo ojú ìyá tó ń tajà fún un láwìn, kí ó sọ pé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ kò dáa? Bi ọmọ Yorùbá pé ṣé nǹkan rẹ dára, yóò ti dá ọ lóhùn kí ó tó wò ó. Ìwọ náà ṣáà dàgbà nínú ìsọ̀ mi. Oníbàárà tó bá ní "mò ń bọ̀, ìyá" ti lọ nìyẹn. Èyí tó ń bú ọjà, tó ní àwọ̀ rẹ̀ máa ṣí, tó ní yáàdì rẹ̀ kò pé, tó ní o ti gbówó lé e jù, òun ló fẹ́ rà á. Òun ni kí o fún ní àga.

Ọwọ́ oníbàárà ni mo máa ń wò, mi ò kí ń wo ẹnu rẹ̀. Á fi ìka méjì yẹ etí aṣọ wò. Á gbé e jáde sẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn lè tàn sí i, torí kò gba àwọ̀ tí gílóòbù fi hàn án gbọ́. Á gbé e lé èjìká, á bèèrè dígí. Kí ó tó lanu, mo ti mọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú. Lórí ìsọ̀ tìrẹ, o kò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì kúrò níbẹ̀ kò ní sọ "mò ń bọ̀" pàápàá. Ohun tó yẹ kí o wá nìyẹn: bí wàá ṣe rí ọwọ́ wọn.

Àbúrò rẹ tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ sọ fún mi nípa ọkùnrin ará Denmark kan, Jakob Nielsen, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2000 ó kọ ọ́ pé téèyàn márùn-ún péré bá lo nǹkan lójú ẹni, nǹkan bí 85 nínú 100 àbùkù rẹ̀ ló ti máa jáde. Kí a tún un ṣe, kí a wá pe márùn-ún mìíràn, ó ní ó sàn ju kí a kó èrò jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún ní ohun tí wọ́n bá ṣe ni kí a wò, kí a má gbára lé ohun tí wọ́n bá sọ. Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣómàáló wa ti mọ èyí kí wọ́n tó bí ọkùnrin náà. Ẹni tó ta aṣọ láwìn, tó ń padà lọ sílé oníbàárà lọ gba owó díẹ̀díẹ̀, ó ń fojú ara rẹ̀ rí i bóyá wọ́n ti rán aṣọ yẹn, bóyá ó ti ṣí, bóyá inú àpótí ló ṣì wà. Kò nílò kí ó bi ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ èyí tó máa kó wá nígbà mìíràn.

Ni mo bá dán an wò. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìsọ̀kùn, wá ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Mo ní kí ó bá mi fi fóònù tirẹ̀ ra àdìrẹ yáàdì márùn-ún nínú ìsọ̀ rẹ, kí wọ́n gbé e wá bá a nílé. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Ẹnu ń yún mi, àmọ́ mo pa á mọ́. Àwòrán kọ́kọ́ pẹ́ kí ó tó ṣí, ó sì ń wo dátà rẹ̀. Nígbà tó ṣí, ó fi ìka tẹ àdìrẹ aláró yẹn kí ó lè tóbi, kò tóbi. Ó na fóònù jìnnà sí ojú, ó tún fà á sún mọ́ra, torí lẹ́tà tín-ín-rín aláwọ̀ eérú ni o fi kọ iye owó. (Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí ni lẹ́tà dúdú ṣe fún yín?) Ó bi mí pé, "Ṣé yáàdì kan lowó yìí ni, àbí odindi?" Mi ò dáhùn. Ó dé ibi àdírẹ́sì, ó kọ "ẹ̀yìn ọsibítù Wesley Guild, ilé alájà kan tó ní géètì pupa," èyí tí gbogbo ọlọ́kadà Iléṣà máa fi bá a délé. Ìsọ̀ rẹ ní rárá, póòstì kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, ni òun fẹ́, ni ojú ìwé náà bá pọ́n. Obìnrin náà ní, "Kí ni mo ṣe fún un?" Ó kọ nọ́ńbà kan ṣáá. Ìgbà yẹn ni owó tí wọ́n máa fi gbé ẹrù wá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ó gbé fóònù kalẹ̀ lórí àtẹ mi, ó wò mí, ó ní, "Ó dára o. Olúwa á bù sí i."

Tí o bá bi í, ìyẹn ni ìdáhùn tí wàá gbà.

Nítorí náà, wá èèyàn márùn-ún tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ, tí wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ rẹ. Rántí pé irú oníbàárà méjì lo ní: ẹni tó ń ra tirẹ̀ nìkan, àti alága ẹbí tó fẹ́ ra ti àádọ́ta èèyàn. Mú nínú méjèèjì. Fún wọn ní nǹkan tí wọ́n máa rà, kí o dákẹ́, kí o máa wò. Fún wọn ní owó dátà fún wàhálà wọn, yálà wọ́n yìn ọ́ tàbí wọn ò yìn ọ́; má fi ẹ̀dínwó ra ìyìn ìràwọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó jìnnà, tí o kò lè rí, kọ ìwé ṣókí sí wọn, pàápàá àwọn tó kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sanwó. Má kọ ọ́ bí ẹni tó ń sin gbèsè. Kí lẹ wá rà? Ibo lẹ dé tí ẹ fi dúró? Kí lẹ retí pé ẹ máa rí níbẹ̀ tí ẹ kò rí? Ó tó. Jẹ́ kí ẹni tí kò fẹ́ tẹ̀wé fi ohùn ránṣẹ́. Àgbàlagbà máa ń sọ òótọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ, kò kí ń sọ ọ́ tó bá ń tẹ̀wé. Tètè bi wọ́n kí wọ́n tó gbàgbé. Ọ̀rọ̀ aṣọ fúnra rẹ̀, ó di ẹ̀yìn tí télọ̀ bá rán an tán.

Tí wọ́n bá sọ àbùkù, má ṣàlàyé. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ ṣàlàyé. Ẹ ṣeun mà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyìn, tí o fẹ́ gbé e síta fáráyé rí, gba àṣẹ kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí o sì bo nọ́ńbà wọn. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àti pé ìwà ọmọlúàbí náà ni.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ kọ́ ni wàá tẹ̀ lé o. Ẹnì kan á ní pupa rẹ pọ̀ jù, ẹlòmíràn á ní òun ló fa òun wá. Ìyẹn jẹ́ ohun tó wu oníkálukú, ìwọ lo ni ìsọ̀, fi ojú tìrẹ pinnu. Àmọ́ tí ẹni méjì tí wọn ò mọra bá dúró síbì kan náà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Kọ́kọ́ yọ póòstì kóòdù yẹn. Kọ "yáàdì kan" sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, kí o gbé owó ìgbéwá síwájú. Tún àdìrẹ aláró yẹn yà nínú oòrùn. Tí o bá ṣe é tán, fi ránṣẹ́ kí ó tó di Sátidé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa ń bọ̀ nílé mi, Ìyá Ìbejì sì ni màá kọ́kọ́ gbé fóònù fún. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.