Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí owó ọ̀dà ẹ́ńjìnnì fi dá dúró báyìí

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

A mọ̀ pé ohun tí a fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín, inú àwọn kan sì ti ń bí kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí wọn. Láti ìsinsìnyí lọ, tí a bá tú ẹ́ńjìnnì yín palẹ̀ tí a sì tún un tò, owó ọ̀dà rẹ̀ kò sí nínú owó iṣẹ́ mọ́. Ó dá dúró. Ẹ́ńjìnnì tí a bá sì máa kùn yóò fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ́ sí i lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀dà, kó sọ fún wa. A ó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún un láìkùn ún, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ojúkòkòrò. Ọ̀dà gan-an ló dá wàhálà yìí sílẹ̀.

Ọ̀dà ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀dà géètì. Omi tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì ká máa ń gbóná tó 90°C, ọ́ìlì a sì kọjá 100°C nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù gun òkè. Ojúlówó ọ̀dà ẹ́ńjìnnì máa ń fara da ooru títí dé nǹkan bí 260°C, pẹtiróòlù, ọ́ìlì àti omi rádíétọ̀ kò sì gbọdọ̀ lè tú u. Tí ẹ bá fi ọ̀dà géètì kun irú ibi bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ funfun á di pupa rúsúrúsú, á máa sán, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Ẹni tí à ń ra ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń gbé agolo kan náà wá, àkọlé kan náà ló wà lára rẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀. A ò fẹnu lásán sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè dán an wò: kí ó kun irin pẹlẹbẹ kan, kí ó jẹ́ kó gbẹ, kí ó gbé e sínú ààrò ní 93°C fún 20 ìṣẹ́jú, kó tutù dáadáa, kí ó wá fi àkísà funfun tó ti rẹ pẹtiróòlù sí nù ún. Tó bá jẹ́ ojúlówó, àkísà á ṣì funfun. Èyí tí wọ́n ń kó wá báyìí, àwọ̀ ọ̀dà ló ń bá àkísà lọ, ojú irin á sì máa lẹ̀ mọ́ni níka bí oje igi. A bi í, ó ní àwọn tó ń pò ó ló ń wá bí owó wọn ṣe máa dín kù. Ó ní kí a máa fi tínà díẹ̀ sí i, yóò dára. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn wá jù. Tínà ń mú kí ọ̀dà ṣàn ni. Kò sí bí ó ṣe lè sọ ọ̀dà tí kò gba ooru di èyí tó ń gbà á. Ẹni tó ń ta ọ̀dà ẹ́ńjìnnì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wojú wa sọ ọ́.

A ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà alápá méjì, tó ní hádínà tirẹ̀ (èyí tí à ń pò mọ́ ọn kó lè le), la ń lò báyìí. Ó wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tí a bá ti ṣí hádínà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Èyí tí a bá sì ti pò pọ̀, kò ju wákàtí díẹ̀ lọ kó tó dì mọ́ ìdí agolo. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. Ìdí nìyẹn tí owó ọ̀dà ẹ́ńjìnnì kékeré kò fi fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti ńlá. Èéfín rẹ̀ náà léwu fún ẹ̀dọ̀fóró: aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó, ìbòjú tó ń gba atẹ́gùn mímọ́ láti ìta lẹni tó ń fọ́n ọn gbọ́dọ̀ lò.

Àwọn kan ń bi wá pé ṣebí fífọ́n lásán ni, kí ló ń gba ọjọ́? Fífọ́n ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Fífọ̀ ni iṣẹ́.

Bulọ́ọ̀kù, ìyẹn odindi irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, tó bá ti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sílíńdà (àwọn ihò ńlá inú rẹ̀) dé, ọ́ìlì àti èérún irin ló bò ó. Ọ̀dà kì í di orí ọ́ìlì mú. Tí a bá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ á fi ọ̀rá sílẹ̀, nítorí náà omi gbígbóná àti ọṣẹ ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì gígùn tí à ń tì wọ gbogbo ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Lẹ́yìn náà, atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló kàn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí omi bá kúrò lára irin, ìpẹtà ti ń yọjú nínú sílíńdà, a sì gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì ra inú rẹ̀ kíá láìjẹ́ kó kan ìta. Ìta la máa wá fi tínà nù, tí a ó máa pààrọ̀ àkísà títí tí àkísà funfun kò fi ní gbé nǹkan kan mọ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kan án mọ́.

Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, a kì í ti í bọ omi sódà tí wọ́n fi ń bọ bulọ́ọ̀kù onírin. Sódà ń jẹ ẹ́, á sì dúdú. Àwọn tó ń ní kí a fi ẹ̀rọ fọ́n yanrìn sí ẹ́ńjìnnì kó lè tètè mọ́, ẹ jọ̀ọ́, a ò ní ṣe é. Hóró yanrìn díẹ̀ tó bá fara pamọ́ sínú ihò ọ́ìlì tó láti ba bẹ́árìnì tuntun jẹ́.

Ibi tí a kì í kùn náà tún ń gba àkókò. Ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì kó má baà jò, máa jókòó lé gbọ́dọ̀ jẹ́ irin lásán, nítorí ọ̀dà tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á rọ̀ nígbà tí ooru bá dé, bọ́ọ̀tì tí a ti dè le á dẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa jò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí wáyà ilẹ̀ bátìrì ti so mọ́ bulọ́ọ̀kù àti ibi tí sítátà jókòó sí. Tí ọ̀dà bá bò wọ́n, sítátà á máa yí bí ẹni pé bátìrì ti kú. Súwíìṣì ọ́ìlì tó ní wáyà kan ṣoṣo, ara okùn bọ́ọ̀tì rẹ̀ ni iná ń gbà kan irin bulọ́ọ̀kù. Tí ọ̀dà bá wọ ihò rẹ̀, iná ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lè má tàn mọ́ lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá tán lóòótọ́. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la ń kùn ún kó má baà dí. Inú bulọ́ọ̀kù, níbi tí kìránkì ń gbà yí, a ò ní kùn ún fún ẹnikẹ́ni. Tó bá bó níbẹ̀, ẹnu páǹpù ọ́ìlì ló ń lọ.

Fífọ́n wá ku díẹ̀: práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí àwọ̀ gan-an tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí gọ́ọ̀nù tí a fi ń fọ́n ọ̀dà jìnnà sí irin ní nǹkan bí 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó bá fi ìkánjú kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan náà, tínà á há sábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì lé ròrò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá gbóná. Mánífóòdù ẹ̀gísọ́ọ̀sì, ibi tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, kò sí nínú èyí o. Ooru ibẹ̀ kọjá ohun tí ọ̀dà yìí lè gbà. Ọ̀dà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, èyí tó ń gba 650°C, tàbí kí a fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Iṣẹ́ wa ni mẹkáníìkì mìíràn máa kọ́kọ́ rí tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ó wù wá kó rí ohun tó dára. Ọ̀dà tó dúró dáadáa ń lé ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí ẹ tètè rí ibi tí ọ́ìlì bá ti ń jò. Èyí tó ń bó kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, a ò sì lè máa gba owó yín lé e.

Ẹni tó bá mú ọ̀dà tirẹ̀ wá, a ó kọ́kọ́ dán an wò lórí irin bí a ṣe sọ lókè. Tí àkísà bá gbé e, a ò ní lò ó, kí ó má bínú. Tí ẹ bá gba ẹ́ńjìnnì yín tán, ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí ọṣẹ tó ń bó ọ̀rá fọ̀ ọ́ títí ọ̀sẹ̀ kan á fi kọjá, kí ọ̀dà lè le tán. Òórùn díẹ̀ tí ẹ máa gbọ́ nígbà àkọ́kọ́ tó bá gbóná kì í ṣe àìsàn.

Ẹ́ńjìnnì tó bá ti wà lọ́wọ́ wa kí ọ̀rọ̀ yìí tó jáde, àdéhùn àtijọ́ la máa fi parí tiwọn, a ò ní bèèrè kọ́bọ̀ lé e.